Pàṣán Tó Wà Lókè Àjà: Ohun Tí Iṣẹ́ ní Odógunyàn Kọ́ Mi

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ ní agbègbè wa gbà pé owó oṣù àti àpò ìrẹsì oṣù Kejìlá ni ó ń mú òṣìṣẹ́ dúró. Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Owó ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá sọ pé kò ṣe pàtàkì kò tíì san owó ilé rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni pé òṣìṣẹ́ kì í fi ohun tí iléeṣẹ́ fún òun nìkan mọ ẹni tí iléeṣẹ́ náà jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe sí ẹni tí kò wúlò fún wọn mọ́ ni ó máa ń wò: ẹni tó fara pa, ẹni tó lóyún, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ níṣẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń mọ irú ẹni tí òun ń bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń pinnu bí òun yóò ṣe fi ọkàn sí iṣẹ́ náà tó.

Fún ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa, Odógunyàn wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìkòròdú sí Ṣágámù. Iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀, láti orí èyí tó ń rọ irin títí dé èyí tó ń ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń bá ọ̀nà náà lọ títí wọ Ògijò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá láti Sábó, Àgíríìkì, Ìgbògbò àti Ìmọ́tà, àwọn mìíràn sì ń wá láti Máìlì 12. Nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ náà sún mọ́ra, ìròyìn kì í pẹ́ rìn; ohun tí wọ́n bá ṣe sí òṣìṣẹ́ kan láàárọ̀, àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ lọ́sàn-án ti gbọ́ ọ. Iléeṣẹ́ méjì ni mo ti ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Èyí àkọ́kọ́ ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, kaṣúà ni mo sì jẹ́ nígbà tí mo wọ ibẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ olówó ojúmọ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kí wọ́n tó fún mi ní ìwé. Èyí èkejì ń ṣe ike. Súpáfáísọ̀ ni mo kọ́kọ́ jẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, níbi tí mo wà títí di òní. N kò ní dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹnu géètì iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, a ti máa ń tò síwájú géètì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, oníkálukú pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Ájẹ́ǹtì tó ń kó wa fún iléeṣẹ́ náà yóò jáde pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí wa: “Ìwọ. Ìwọ. Ìwọ tó wọ súwẹ́tà yẹn. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn.” Kò bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ. Bí ó bá ti mú iye tó fẹ́ tán, yóò wọlé, wọn yóò sì ti géètì. Àwọn tí kò mú kì í tètè lọ. Wọn a dúró di nǹkan bí aago mẹ́jọ, bóyá àárẹ̀ yóò mú ẹnì kan nínú, tàbí ẹnì kan yóò bá súpáfáísọ̀ fa ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fi wọ́n dípò. Ọwọ́ ájẹ́ǹtì yìí kan náà ni owó ojúmọ́ wa ń gbà kọjá, ó sì ń yọ tirẹ̀ kí ó tó kàn wá. Iye tí iléeṣẹ́ ń san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò hàn sí wa rí.

Ohun tí èyí ń ṣe sí iṣẹ́ kò fara sin fún ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá máa ń kọ́kọ́ yí ohùn padà kí ó tó bàjẹ́, ọ̀rá tó ń ti inú rẹ̀ jáde yóò sì nípọn lápá kan, yóò fẹ́lẹ́ lápá kejì. Ọwọ́ lásán ni àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kaṣúà mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀. Mo ti dúró ti ọmọkùnrin kan tó ń wo ọ̀rá tó bàjẹ́ bí ó ṣe ń wé mọ́ igi títí tó fi di odidi róòlù kan, mo sì bi í pé kí ló dé tí kò pe ẹnjiníà. Ó ní, “Àǹtí, ta ló mọ̀ pé mo wà níbí?” Àwọn ọ̀gá a máa pe irú èyí ní ìwà ọ̀lẹ, àwọn mìíràn a pè é ní ìwà ìkà. Lójú tèmi, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí a kò bi léèrè orúkọ kò jẹ wá ní gbèsè kankan lórí ohun ìní wa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀, kò sì ṣeé fojú fò ní Odógunyàn. Lọ́dún 2002, iná sọ ní iléeṣẹ́ ẹ̀rọ kan ládùúgbò náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì kú nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nínú. Òfin tó de iléeṣẹ́ ẹ̀rọ lórílẹ̀-èdè yìí sọ pé bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ilé, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ìdí tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan fi ń ti i kò ṣòro láti mọ̀: ẹ̀rù olè ni. Ní iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn gbogbo ìtàn yẹn, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń wà bí a bá ń ṣe ṣíìfù alẹ́, bí a bá sì ń jáde láàárọ̀, wọ́n á tú àpò wa, wọ́n á fọwọ́ tẹ ara wa, àgbà obìnrin àti ọmọdé. Olè jíjà kò dín kù nítorí rẹ̀. Ohun tó dín kù ni ìtìjú. Bí wọ́n bá ti ń pe ènìyàn ní olè lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó mú nǹkan kan, ọjọ́ tí ó bá mú nǹkan, kò ní rí i bí ohun tó yàtọ̀.

Èmi fúnra mi rí ìyàtọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé iléeṣẹ́ kejì. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá, ọ̀pá gbọọrọ kan ni wọ́n fi sí i lára, tí ènìyàn kàn máa tì tí yóò sì ṣí. Wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ilà sílẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dé ẹnu rẹ̀, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù lé ilà náà. Mo rí i tí mánìjà fúnra rẹ̀ gbé páálí méjì kúrò níbẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ṣe àlàyé kankan fún mi, ọkàn mi sì balẹ̀ ju bí ó ti ṣe rí lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ti hàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó fara pa. Ní iléeṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá gé orí ìka ọwọ́ méjì ọmọkùnrin kan ní ṣíìfù alẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀, mánìjà sì sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kí ó sọ pé orí ọ̀kadà ni òun ti ṣubú. Wọ́n fún un ní owó díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ náà fi jinná tó padà, ẹlòmíràn ti wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó jà fún un nínú wa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn dín ìyára wọn kù, iye tí ẹ̀rọ náà ń gé lálẹ́ kan sì já wálẹ̀. Mánìjà rò pé ẹ̀rọ náà ló ti gbó, ó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ìkẹjà kí ó wá wò ó.

Ní iléeṣẹ́ kejì, ẹ̀rọ tó ń lọ ike tó bàjẹ́ ni ó fa ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ya. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ tààrà, wọ́n sì kọ̀wé sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010 pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ sí àpò àjọ náà, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fara pa lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ méje. Èmi ni mo kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé náà. N kò ní parọ́ pé ó yá. Ìwé pọ̀, ìlọbọ̀ sì pọ̀. Ohun tó ṣe kókó ni pé owó oṣù ọ̀gbẹ́ni náà kò dúró ní gbogbo àkókò yẹn, nígbà tó sì padà, wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, níbi tí kò ti nílò ọwọ́ méjèèjì láti kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Gbogbo ènìyàn rí i bí ó ṣe wọlé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ wá bá mi, tí wọ́n sọ pé irin tí ó yẹ kí ó bo ẹnu ẹ̀rọ náà ti yọ tipẹ́, wọ́n kàn ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni kí ẹ̀bi má bàa jẹ́ tiwọn. Àwọn mìíràn sọ ti wáyà tó ń ta sí ènìyàn lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtutù. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: iléeṣẹ́ ti ń pàṣẹ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n máa sọ ohun tó léwu, kò sí ẹni tó sọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n tọ́jú dáadáa ni ó la ẹnu gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì le ju èyí lọ, nítorí pé ó máa ń pẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tó tú. Òfin ọdún 2014 sọ pé iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wà nínú ètò náà. Ó kéré tán, ìdá 8 nínú 100 ni wọn yóò yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, iléeṣẹ́ yóò fi ìdá 10 kún un, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù. Ní iléeṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyọkúrò náà kò yẹ̀ lórí ìwé owó oṣù wa. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń po àwọ̀, òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní iṣẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì tó sì ń ṣi àwọ̀ pò, wọ́n fún un ní ìwé pé kí ó máa lọ. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ẹni 50 ọdún, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, ní ẹ̀tọ́ láti gba ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà dúró di ìgbà náà, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó sì bá a pé fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, iléeṣẹ́ kò san ohunkóhun sí i.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá jẹun lọ́sàn-án lọ́dọ̀ olóúnjẹ tó wà ní òdìkejì géètì wa, ó sì yọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un níbẹ̀ sórí tábìlì. Ìwé náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, epo ọbẹ̀ ta sí i, oníkálukú ń fi ìka tọ ilà tí òǹkà ti dáwọ́ dúró. Bàbá kan nínú wa dá a padà fún un, ó ní, “Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó.” Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ kún un. A padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ jù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò bínú jáde, wọn kò kọ ìwé gígùn. Ẹnì kan á gba ìsinmi, kò ní padà mọ́, a ó sì gbọ́ pé ó ti wà ní Ògijò. Owó tí wọ́n lọ gbà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tiwa lọ. Àwọn tó kù ń ṣàìsàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé, irinṣẹ́ ń sọnù, ọjà tí oníbàárà dá padà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó ká àwọn ọ̀gá lára, wọ́n fi owó díẹ̀ kún owó oṣù, àpò ìrẹsì oṣù Kejìlá sì tóbi sí i. Wọ́n tún pe olùbánisọ̀rọ̀ kan láti Lẹ́kí, ọkùnrin tó wọ kóòtù nínú ooru yẹn, tó sọ fún wa léraléra pé ẹbí kan ni wá. Ẹnì kan lẹ́yìn mi rọra béèrè pé ta ni bàbá nínú ẹbí náà, kí òun lè lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì òun lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti máa ń fu bí agbanisíṣẹ́ bá pe òṣìṣẹ́ ní ẹbí. A kì í kọ ìwé àdéhùn fún ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ nílò ìwé àdéhùn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa tilẹ̀ sọ pé kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iléeṣẹ́ kejì jẹ́ ti àwọn ẹni mímọ́. Ọ̀gá tó ni ín hawọ́, ó máa ń bá olóko dúnàádúrà lórí owó iṣu, ìrẹsì ọdún tí ó ń fún wa sì kéré ju ti àwọn aládùúgbò lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ó ń san owó oṣù, bí ọjọ́ náà kò bá sì ní ṣeé ṣe, a máa ń gbọ́ ṣáájú. Nígbà tí ìjọba kéde ìséde ní Èkó láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ó pe àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sórí fóònù, ó sọ iye tó wà ní báńkì fún wọn, ó sì sọ pé ìlàjì owó oṣù ni òun lè san fún oṣù Kẹrin, pé òun kò ní yọ ẹnikẹ́ni. Inú wa kò dùn sí ìlàjì. Síbẹ̀, ìlàjì tó sọ náà ló san, lọ́jọ́ tó dá. Nígbà tí wọ́n tú ìséde náà díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, iṣẹ́ tó ti wọ́ jọ pọ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n bẹ̀ kí ó tó ṣe òfátáìmù.

Ohun kan náà ni mo tún rí lọ́dún 2023. Nígbà tí ìjọba fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún, lítà epo bẹntiróòlù kan, tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, fò sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ láti Àgíríìkì sì di ohun tó ń jẹ owó oṣù tán. Iléeṣẹ́ háyà bọ́ọ̀sì méjì, ọ̀kan láti Àgíríìkì, ọ̀kan láti Sábó. Bọ́ọ̀sì ti Sábó ti gbó, ó máa ń kú lójú ọ̀nà nígbà mìíràn, a sì máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ tuntun kan wá ń wá àwọn tó mọ ẹ̀rọ ike lò, pẹ̀lú owó tó ju tiwa lọ dáadáa. Àwọn kan lọ, n kò sì bá wọn wí. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn san owó ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ kò lọ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn ní ìdí rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, owó yẹn dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ tí ẹ̀rọ bá géèyàn lọ́wọ́.”

Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró ni ó fẹ́ràn ibi tó wà. Àwọn kan dúró nítorí ẹ̀yáwó tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn kan nítorí ọjọ́ orí, àwọn kan nítorí pé ilé wọn kò jìnnà. Ní iléeṣẹ́ àkọ́kọ́, irú àwọn wọ̀nyí pọ̀, àwọn ọ̀gá sì ń fi iye ọdún tí wọ́n ti lò yangàn níwájú àlejò. Ohun tí mo fi ń dá àwọn tó dúró tọkàntọkàn mọ̀ yàtọ̀ sí wọn ni ìráhùn. Ní ibi tí mo wà báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn gan-an: oúnjẹ ilé ìjẹun kò dùn, bọ́ọ̀sì pẹ́, bàtà iṣẹ́ ń fún ni lẹ́sẹ̀. Mánìjà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibòmíràn ka ìráhùn náà sí àìmoore, ó ní níbi tí òun ti ń bọ̀, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Mo sọ fún un pé mo mọ ibi tí kẹ́kẹ́ ti ń pa mọ́ni lẹ́nu, mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ẹni tó ń ráhùn bàtà ṣì gbà pé wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ìlànà iléeṣẹ́ lè dára kí súpáfáísọ̀ sì bà á jẹ́, nítorí òun ni òṣìṣẹ́ ń rí. Òfin iṣẹ́ fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìlàjì owó, ó kéré tán, bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá sì padà, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Iléeṣẹ́ wa ń tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n súpáfáísọ̀ kan wà tó máa ń dúró ti abiyamọ pẹ̀lú aago ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì ń ka ìṣẹ́jú sókè. Màmá ọkọ arábìnrin náà ni ó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé ọmọ wá sí ẹnu géètì ní aago mẹ́wàá àti aago méjì. Nígbà tí mo gbọ́, mo fi ẹjọ́ náà sun mánìjà, ó sì kó àwọn súpáfáísọ̀ jọ, ó ka òfin náà sí wọn létí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ni wọ́n ṣí yàrá wọn sílẹ̀, tí wọ́n gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì síbẹ̀ fún ìyá ọmọ, tí wọ́n sì ń kí màmá náà pé, “Màmá, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó.” Kò ná iléeṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Arábìnrin náà wà lára àwọn tó ń darí ṣíìfù lónìí.

Ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ń gbà yọ ènìyàn níṣẹ́ ni mo kà sí ìdánwò tó le jù. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ sí dọ́là ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó ohun tí a fi ń ṣe ike gun òkè pẹ̀lú dọ́là, a sì ní láti pa ẹ̀ka kan dé. Òfin sọ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tó kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwà wọn kò bá yàtọ̀ síra. Ó tún sọ bí ìfitónilétí ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa tó hawọ́ yẹn fún gbogbo wọn ní oṣù kan. Mánìjà kò fi ìwé náà sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n jókòó, ó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àti ìwé tó fi hàn pé owó ìfẹ̀yìntì wọn pé dé oṣù náà. Èmi ni mo tẹ ìwé owó ìfẹ̀yìntì náà jáde, mo sì rántí ẹ̀gbọ́n tó ń po àwọ̀. Àwọn tó sunkún wà nínú wọn. Nígbà tí a tún ṣí ẹ̀ka náà, a pè wọ́n, ọ̀pọ̀ sì padà wá, títí kan ẹnì kan tó ti rí iṣẹ́ mìíràn sí Ìkẹjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa kò tíì dán ni ti àwọn kaṣúà, nítorí àwa náà ní wọn. Ní ẹ̀ka ìdìpọ̀, ènìyàn méjì á dúró ti tábìlì kan náà, wọ́n á ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan ní ìwé, ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì, ìkejì ń gba owó ojúmọ́ lọ́wọ́ ájẹ́ǹtì. Láti ìgbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ ti di 70,000 náírà lọ́dún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná sí i, nítorí pé bí a bá ṣírò owó ojúmọ́ àwọn kan nínú wọn jọ, lẹ́yìn tí ájẹ́ǹtì bá ti yọ tirẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé e wá sórí tábìlì, iléeṣẹ́ sì gbà pé àwọn tó ti lo ju ọdún méjì lọ yóò gba ìwé ní ìpín ìpín. Ìpín àkọ́kọ́ ti gba tiwọn. Obìnrin kan nínú ìpín kejì wá bi mí pé, ọdún tí òun ti lò lábẹ́ ájẹ́ǹtì, ṣé owó ìfẹ̀yìntì wà fún un, àbí ọjọ́ tí òun bá gba ìwé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, nítorí ènìyàn tí ájẹ́ǹtì náà kó ju 15 tí òfin owó ìfẹ̀yìntì béèrè lọ fíìfíì. A ti kọ̀wé sí i pé kí ó mú àkọsílẹ̀ ohun tó san wá. Títí tí mo fi ń kọ èyí, kò tíì mú un wá, ẹ̀ka ìdìpọ̀ sì ń bi mí léèrè rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Àwọn tó ń béèrè jù lọ ni àwọn tó ti ní ìwé tiwọn lọ́wọ́.